Ká Ní Mo Ti Kọ́kọ́ Gé Àkísà

Oṣù Èrèlé ni ooru ọdún náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú gan-an. Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, àkọ́rọ̀ òjò kò tíì dé, páànù ilé wa ní Ìrẹ̀mọ, n'Ílé-Ifẹ̀, sì máa ń gbóná di aago mẹ́wàá alẹ́. Màmá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí oòrùn bá ti kàn tàrí, wọ́n á bọ́ bùbá sílẹ̀, wọ́n á ró ìró mọ́ àyà, wọ́n á gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á sáré wọ yàrá lọ wá bùbá bora. Ẹ̀yìn wọn ti sú wínníwínní. Lọ́jọ́ kan wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ tí o ń ránṣọ fún gbogbo ìlú, ṣé o ò lè rán nǹkan fẹ́lẹ́ kan fún mi, tí mo lè wọ̀ jókòó níwájú èèyàn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní Enúwà, mo gba fíríìdọ́ọ̀mù, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágéré. Ìró àti bùbá, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé àti aṣọ ẹbí ló máa ń kún tábìlì mi. Mi ò rán nǹkan kan fún ìyá tó bí mi láti ọdún tó kọjá.

Mo ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi bébà pátánì, ìyẹn bébà tí wọ́n ti ya ẹ̀yà aṣọ sí kí a lè gé aṣọ tẹ̀lé e, rán aṣọ fẹ́lẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní pàtàkì, mo ń bá àwa tí a kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá sọ̀rọ̀, àwa tí téèpù àti ṣọ́ọ̀kì ti mọ́ lọ́wọ́. Aṣọ kan bàjẹ́ lọ́wọ́ mi tí kò sí irú rẹ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí mi ò fi rán bùbá fẹ́lẹ́ kan kí n sinmi. Mo rò ó. Bùbá dára fún ooru torí pé ó tú, afẹ́fẹ́ ń ráyè gba inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ gùn, abẹ́ abíyá rẹ̀ sì máa ń ká jọ sí màmá mi lára bí wọ́n bá jókòó pẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ara wọn ti ń sú. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni tọ́ọ̀pù tí apá rẹ̀ kò dé ìgúnpá, tí ọrùn rẹ̀ ṣí díẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ń fẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ló rí irú rẹ̀, ó sanwó pátánì náà, ó fi ránṣẹ́ sí fóònù mi. Àwọn ń wọ̀ ọ́ nígbà ooru tiwọn, tó máa ń bọ́ sí oṣù Òkúdù títí dé Ògún, nígbà tí òjò ń pa wá lọ́dọ̀ tiwa.

Aṣọ tí mo máa lò kò sí lọ́jà. Yáàdì mẹ́ta voile ni, aṣọ fẹ́lẹ́ kan, funfun, òdòdó búlúù kéékèèké wà lára rẹ̀. Kí n tó wọ iléèwé girama ni màmá mi ti rà á. Wọ́n wé e mọ́ bébà, wọ́n ju kàfúrà sí i, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí fún ọjọ́ kan tí kò dé. Nígbà tí wọ́n fà á yọ fún mi, ó ṣì ń rùn kàfúrà. Mo tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, mo sì ń rí àwọn ìlà ọwọ́ mi láti abẹ́ rẹ̀ kedere. Wọ́n ní, "Fi èyí rán an. Kí ni mo tún ń tọ́jú ẹ̀ dè?"

Ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́bàá géètì fásitì ni mo gbé pátánì náà lọ. Abala mẹ́rìnlélógún ni. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ bi mí bóyá kí òun jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọ inú bébà A4, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ṣe nǹkan tí mi ò fọwọ́ sí. Bébà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ni wọ́n yà á fún, ó fẹ̀ ní ínǹṣì 8½, ó gùn ní 11. A4 tiwa kò fẹ̀ tó ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gùn jù ú lọ. Kí ẹ̀rọ tó lè kó gbogbo ìlà wọ inú rẹ̀, ó ní láti sọ gbogbo rẹ̀ di kékeré, ìyẹn ló sì ṣe. Ojú kò lè rí i. Tọ́ọ̀pù ṣì jọ tọ́ọ̀pù, ọrùn ṣì jọ ọrùn.

Àpótí onígun mẹ́rin kékeré kan wà lórí abala àkọ́kọ́, wọ́n kọ "4" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo rí i. Mo rò pé àmì àwọn tó ṣe pátánì náà ni, mo sì kọjá lọ. Lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti bàjẹ́ tán ni mo tó fi téèpù kàn án: ínǹṣì 3¾ ni, dípò 4 tó yẹ kó jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀, nítorí ¼ ínǹṣì kò jọ mí lójú títí mo fi ṣírò rẹ̀. Nínú ínǹṣì 4 kọ̀ọ̀kan, ¼ ti lọ. Àyà tọ́ọ̀pù náà yẹ kó jẹ́ 46 bí a bá rán an tán. Mẹ́rin wà nínú 46 lọ́nà mọ́kànlá àtààbọ̀. Ínǹṣì 2⅞ ti sá lọ kí n tó gbé síṣọ́ọ̀sì rárá, ó ku 43⅛. Àyà màmá mi jẹ́ 42. Tọ́ọ̀pù ooru tí yóò fi ínǹṣì kan péré ju ara lọ, kí ni afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà ṣe nínú rẹ̀?

Ibì kan wà tí mo ti ṣe ohun tó tọ́, màá sọ ọ́ nítorí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Òkìríkà tí màmá mi máa ń wọ̀ ní nọ́ńbà 16 lẹ́yìn ọrùn. Lórí tábìlì pátánì náà, 16 jẹ́ ti ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ 38, abẹ́ 20 ni 42 wà. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ọrùn kò bá nọ́ńbà bébà tan. Téèpù ni mo tẹ̀lé, mo mú 20. Kódà, ìyẹn náà kù díẹ̀ káàtó, màá dé ibẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi lẹ bébà náà pọ̀ nílẹ̀ pálọ̀. Nígbà tó di òwúrọ̀, mo tẹ́ voile náà, mo gbé bébà lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí ìborùn yóò ṣe jáde nínú ohun tó bá ṣẹ́kù. Ojúkòkòrò yẹn ni mo kábàámọ̀ jù. Ọfà gígùn kan wà lórí ẹ̀yà bébà kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ bá etí aṣọ lọ gbọọrọ, ìyẹn etí líle tí kì í tú. Ẹ̀yà ẹ̀yìn kò gba ibi tí mo fẹ́ kó wà. Mo yí i díẹ̀, bí ìbú ọwọ́ kan, ó sì gbà. Mo sọ fún ara mi pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Aṣọ mọ̀. Òwú tó bá etí aṣọ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kì í fẹ́ nà, nítorí òun ni wọ́n ta mọ́ igi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Òwú tó dábùú rẹ̀ máa ń nà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ di aṣọ náà mú ní igun sí igun kí ẹ fà á, ẹ ó rí i tó ń fà bíi rọ́bà. Bí ẹ̀yà ẹ̀yìn bá dùbúlẹ̀ wíwọ́, apá kan rẹ̀ á máa nà, apá kejì kò ní nà, gbogbo aṣọ á sì máa yí lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lára àǹkárá líle, ó lè fara sin. Lára voile, kò síbi tó máa sá sí.

Mi ò fọ aṣọ náà kí n tó gé e. Ó mọ́, ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí, mi ò rí ohun tí mo fẹ́ fọ̀.

Abẹ́rẹ́ 16 ló wà lẹ́nu máṣíìnì mi, èyí tó nípọn tí mo fi ń rán yúnífọ́ọ̀mù. Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó gbé igun aṣọ náà mì sínú ihò, òwú dì gulegule nísàlẹ̀. Mo fà á yọ, ó ya díẹ̀. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ibi gbogbo tí abẹ́rẹ́ náà gbà kọjá, ihò wà níbẹ̀ bí ẹni fi èékánná gún un, ojú ìrán sì kákò bí awọ ẹni tó pẹ́ nínú omi. Mo ní bí mo bá lọ̀ ọ́ tán, yóò tẹ́.

Àyè ìrán tún wà níbẹ̀. Lọ́wọ́ tiwa, a máa ń fi ínǹṣì kan sílẹ̀, nígbà mìíràn méjì, kí a lè tú u bí oníbàárà bá sanra. Wọ́n kọ ọ́ sára bébà náà ní lẹ́tà gàdàgbà pé àyè ⅝ ínǹṣì ti wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó ń rán an má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kà á. Ojú mi gbà á, ọwọ́ mi kò gbà á. Ínǹṣì kan ni mo rán. Ìyẹn fi ⅜ lé ohun tí bébà sọ, ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, nítorí ẹ̀gbẹ́ iwájú méjì pàdé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn méjì: ínǹṣì 1½ tún lọ. Nítorí pé èèyàn ń rí inú voile láti ìta, mo gé àyè ìrán náà kúrú kí ó má bàa hàn. Nípa bẹ́ẹ̀, mo ti fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn tí mi ò bá gbà padà.

Mo fi tọ́ọ̀pù náà kọ́ sórí hángà di ọjọ́ kejì kí n tó di ọrùn rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ọrùn ti fẹ̀ ju ti bébà lọ ní bí ìka méjì. Bí a bá gé ọrùn róbótó, ibì kan lára òbíríkítí yẹn máa ń bọ́ sí igun sí igun aṣọ, ibi tó ń fà yẹn. Aṣọ náà kọ́ síbẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ ń fà á láti àárọ̀ di àárọ̀.

Mo rán an tán ní nǹkan bí aago méjì òru ọjọ́ Sátidé. Mo fọ̀ ọ́ kí òórùn kàfúrà lè kúrò, mo sá a síbi afẹ́fẹ́, mo lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì nígbà tí iná dé. Mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn mi. Ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti yí wá síwájú, ó dúró wíwọ́ lórí ikùn. Ọrùn là sílẹ̀. Mo mú téèpù, mo wọn àyà rẹ̀, 41 ni. Mo tún un wọ̀n. Mo jókòó ti ibùsùn náà, mo sì ń gbọ́ ohùn màmá mi níta tí wọ́n ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń sọ fún un pé ọmọ òun ń rán aṣọ kan fún òun.

Mo ká a, mo gbé e lọ ṣọ́ọ̀bù, mo tì í sábẹ́ àpò àwókù aṣọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Nígbà kejì, mo ní òwú tó bá a mu kò tíì dé. Wọn ò bi mí lẹ́ẹ̀kẹta mọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó wálé.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo padà gbé e lọ. Wọ́n ti dàgbà, wọn kì í gbàṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n máṣíìnì wọn ṣì wà lójú fèrèsé. Wọn ò tíì wo ojú aṣọ náà tí wọ́n fi yí inú rẹ̀ síta. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ láti abíyá dé ìsàlẹ̀, wọ́n dákẹ́.

"Ta ló ni ín?"

"Màmá mi ni, mà."

"Àkísà wo lo kọ́kọ́ gé?"

Mi ò lésì. Wọ́n dìde, wọ́n wọ́ àpò kan jáde láti abẹ́ ibùsùn: ìró tó ti gbó, aṣọ ìtẹ́bùsùn tó ti ṣá, kọ́tínnì tí eku ti jẹ etí rẹ̀. Wọ́n ní, "O mọ̀ pé wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìgbà gbogbo ni ẹ máa ń rò pé ìgbéraga làwọn àgbà ń fi ìyẹn ṣe. Èmi, ohun tí mo ń fi àkísà ṣe nìyí. Kò sí aṣọ tuntun kan tí mo gé rí tí mi ò tíì gé irú rẹ̀ nínú àpò yìí, àfi èyí tí ọwọ́ mi ti mọ̀ tipẹ́." Wọ́n fún mi ní aṣọ ìtẹ́bùsùn tó ti fẹ́lẹ́. Ó ní láti fẹ́lẹ́, wọ́n ní, nítorí bí mo bá fi aṣọ líle dán aṣọ fẹ́lẹ́ wò, irọ́ ni yóò pa fún mi.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi pátánì kọ́ wa nígbà náà. Wọ́n ní bébà kò sí, owó bébà kò sì sí, ṣùgbọ́n àwọn kò fojú tín-ín-rín in rí. Mo ti kà á lẹ́yìn ìgbà náà pé 1863 ni Ebenezer Butterick, aránṣọ kan ní Massachusetts, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bébà tí a yà ní oríṣiríṣi ìwọ̀n. Ṣáájú rẹ̀, ìwọ̀n kan ṣoṣo ló máa ń wà, ẹni tó rà á ni yóò máa sọ ọ́ di ńlá tàbí kékeré fúnra rẹ̀. Ohun tó ti wà láti ìgbà yẹn ní òfin tirẹ̀, mo sì ti ń bá a lò bí ẹni pé ọmọṣẹ́ mi ni.

Kí n tó lè fi àkísà dán nǹkan wò, màmá mi gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ìyẹn ni pé mo gbọ́dọ̀ sọ fún wọn. Mo kúnlẹ̀ nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé tọ́ọ̀pù tó bàjẹ́ náà sí wọn lẹ́sẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gbé e, wọ́n wo òdòdó búlúù ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ìyẹn lo fi ń sá fún mi? Mo ti ń rò pé ara rẹ ò yá ni, tí o ò fẹ́ sọ."

Mi ò lè sọ̀rọ̀.

Mo padà lọ tẹ bébà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí wọ́n fi í sí ìwọ̀n rẹ̀ gangan, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì tẹ abala àkọ́kọ́ nìkan ná. Mo yọ téèpù nínú báàgì, mo kàn án mọ́ àpótí kékeré náà níbẹ̀ lórí káńtà: 4 géérégé. Ìgbà náà ni mo ní kí wọ́n tẹ ìyókù.

Mo gé aṣọ ìtẹ́bùsùn náà, mo fi ìrán gígùn tó rọrùn láti tú lẹ̀ ẹ́ pọ̀, màmá mi wọ̀ ọ́. Ó tó wọn láyà, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń bọ́, ọrùn fẹ̀, iwájú sì gbé sókè ju ẹ̀yìn lọ. Ìlà méjì fà láti orí ọmú lọ sí abẹ́ abíyá. Ohun tí mo ní màá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ pátánì ni wọ́n yà fún obìnrin tí ìwọ̀n orí ọmú rẹ̀ fi bí ínǹṣì 2 ju ìwọ̀n òkè ọmú lọ, níbi tí téèpù gba abẹ́ abíyá kọjá. Ti màmá mi, 42 ni orí ọmú, 38 ni òkè rẹ̀, ínǹṣì 4 ló wà láàrin wọn. Bí mo bá fi 42 yan bébà, èjìká àti ọrùn obìnrin tó tóbi jù wọ́n lọ ni mò ń gé. Ìwọ̀n tó yẹ egungun wọn ni 18, èyí tí àyà rẹ̀ jẹ́ 40, kí n sì wá fi ínǹṣì 2 kún iwájú nìkan.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé, kò sì le tó bí mo ṣe bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀yà iwájú jẹ́ ìdajì, nítorí ṣe la máa ń ká aṣọ sí méjì. Mo sàmì sí ibi orí ọmú lórí bébà náà. Mo la bébà láti ìsàlẹ̀ gòkè dé àmì náà, mo yà á lọ sí ihò apá, mo sì dáwọ́ dúró kí ó tó já, kí ibẹ̀ lè máa ṣí bí ìdè ilẹ̀kùn. Mo tún là á láti ẹ̀gbẹ́ wọlé sí àmì kan náà. Nígbà tí mo fa ìdajì kejì sẹ́yìn ní ínǹṣì kan, ẹnu kan là ní ẹ̀gbẹ́ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. Ẹnu yẹn ló di dáàtì, ìyẹn ìká tí a ń rán pa kí aṣọ lè gba ọmú. Mo lẹ bébà mìíràn sábẹ́ rẹ̀, mo tún ìsàlẹ̀ gé kó lè dọ́gba. Àkísà kejì bọ́ sí wọn lára gẹ́ẹ́. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ já ọsàn, iwájú kò gbéra.

Ọjà Odò-Ogbè ni mo ti ra aṣọ tuntun. Ẹni àkọ́kọ́ búra fún mi pé kọ́tìnì ni. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní fọ́nrán òwú kan láti etí rẹ̀, mo ṣá iná sí i. Ó yọ́, ó dì sí kóró dúdú líle lórí. Kọ́tìnì kì í yọ́. Ó máa ń jó bíi bébà, a máa rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ sì máa ń fọ́ níka. Èyí tó ń yọ́ yẹn, ọ̀rá wà nínú rẹ̀, òógùn kì í ráyè kúrò lára ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Ìsọ̀ kẹta ni mo ti rí èyí tó jó dáadáa, aláwọ̀ búlúù fẹ́lẹ́ tí kò ní iṣẹ́ lára. Mo ra yáàdì mẹ́ta. Mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo lọ̀ ọ́, mo sì wọ̀n ọ́n. Ínǹṣì 108 tí mo rà ti di 105. Díẹ̀ nínú mẹ́ta yẹn ìbá ti lọ lára tọ́ọ̀pù.

Ọ̀gá mi ló ní kí n ta á ní sítáàṣì pákí kí n tó gé e. Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń fi ẹ̀kọ pákí yà sára aṣọ kí aró má bàa wọ ibẹ̀. Èmi, omi rẹ̀ tó ṣàn ni mo lò, tí aṣọ rì sí, tí mo sá a títí ó fi ku ọ̀rinrin díẹ̀, tí mo wá fi áyọ́ọ̀nù gbá a. Aṣọ tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ dúró bíi bébà káńdàkáńdà. Síṣọ́ọ̀sì gé e láìsí pé ó sá. Bí a bá rán an tán, omi kan ṣoṣo ló máa fọ̀ ọ́ kúrò.

Ọfà bá etí aṣọ lọ, mo fi téèpù wọn orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ sí etí aṣọ kí n tó fi píìnì dì í. Mi ò wá ìborùn kankan nínú rẹ̀. Kí n tó ṣe nǹkan kan mìíràn sí ẹ̀yà iwájú àti ẹ̀yìn rárá, mo ti rán ìlà kan ṣoṣo yí ọrùn wọn ká, ní ½ ínǹṣì láti etí, kí ojú ìrán gangan tó jẹ́ ⅝ lè bò ó mọ́lẹ̀. Ìlà kan yẹn ni yóò di ọrùn mú kó má fẹ̀. Abẹ́rẹ́ 11 tuntun, tó tẹ́ẹ́rẹ́, ni mo fi sẹ́nu máṣíìnì. Níbi gbogbo tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìrán, mo fi ègé bébà ìwé ìròyìn sábẹ́ aṣọ, mo rán gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fà á ya lẹ́yìn náà. Kò gbé igun kankan mì.

Ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ ni màá fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ṣe, nítorí ara màmá mi kò fẹ́ ohun tó ń rín. Bí a bá wífì í, ìyẹn ká fi òwú dì etí rẹ̀ kó má tú, òwú wífì yẹn á máa yún ara tó ti sú. Mo gbé ẹ̀yìn aṣọ kọ ẹ̀yìn aṣọ, tí ojú rẹ̀ wà níta, bí ẹni tó fẹ́ rán an lódì. Mo rán ¼. Mo gé e kù ⅛, mo yí i padà, mo fi ìka tẹ ìlà náà mú, mo lọ̀ ọ́. Mo wá rán ⅜ lórí rẹ̀. ¼ àti ⅜ jẹ́ ⅝, bébà kò ní ẹjọ́ lọ́rùn mi. Etí tó ń tú ti wọ inú ara rẹ̀, kò sí òwú kan tó jáde. Inú rẹ̀ mọ́ bí ìta rẹ̀ ṣe mọ́.

Ó ku ọrùn. Mo lọ mú voile tó bàjẹ́ náà, mo tú u, mo gé báyáàsì nínú rẹ̀, ọ̀já tó fẹ̀ ní 1¼ ínǹṣì, ní igun sí igun. Ibi tó ń fà yẹn, tó ba ọrùn àkọ́kọ́ jẹ́, òun náà ni ó jẹ́ kí ọ̀já yìí lè yí òbíríkítí ọrùn ká láìkákò. Ọ̀já funfun olódòdó búlúù náà yọ díẹ̀ lórí aṣọ búlúù náà, bí ẹni fi ojú abẹ́rẹ́ yà á. Mo fi tọ́ọ̀pù náà kọ́ mọ́jú kí n tó ṣẹ́tí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ibi tó bá fẹ́ fà tètè fà tán.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ọ̀sán ni, oṣù Igbe ti wọlé, òjò ṣú ṣùgbọ́n kò rọ̀, ooru sì mú ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Wọ́n gbé àga wọn sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo dúró nínú pálọ̀, mo ń wò wọ́n. Wọn ò dìde. Wọ́n ní, "Ẹ wọlé," wọ́n sì tẹ̀síwájú nínú ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó.

Lálẹ́, wọ́n fi ìka tọ ọ̀já ọrùn náà yí ká, láti èjìká kan dé ìkejì. Wọ́n ní ṣé ó ṣì ku nínú ẹ̀? Mo ní ó kù. Wọ́n ní kí n ṣe àpò kan sí èyí tí màá tún rán, kí àwọn lè máa fi fóònù sí i.